Ìkòkò Ọjọ́rú

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, kí n má baà máa lọgun. Ohùn mi kì í ṣe ohùn àná mọ́. Ẹ jẹ́ kí fóònù yẹn sinmi lórí ẹní. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń wò yín. Ọ̀kan nínú yín ń wo bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ nínú fóònù, òun fúnra rẹ̀ kò sì sè é. Èkejì ń jẹ búrẹ́dì tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ti bu ìrẹsì wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Oúnjẹ wà nínú ilé yìí lónìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ń wọ̀ báyìí, etí mi máa ń wá ariwo kan tí n kò gbọ́ mọ́, ariwo ọmọ méje tí wọ́n ń jiyàn lórí ìkòkò kan.

Ibi tí ẹ̀ ń gbé alùpùpù yín sí yẹn, ààrò kékeré kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òkúta mẹ́ta ni. Ìyá mi ló ní kí wọ́n bá òun kó wọn wá láti ẹsẹ̀ òkè kan lọ́nà Bobè, nítorí ó ní òkúta ibẹ̀ kì í bẹ́ nínú iná. Ààrò àgbà wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ òrùlé. Èyí tó wà níta yìí, ti àwọn ọmọdé ni, kò sì sí àgbà kankan tó gbọ́dọ̀ dáná níbẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo máa ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, ààrò náà ni mo sì ń kọjú sí láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kò kéré.

Láyé ìgbà náà, bó bá di ọ̀sán Ọjọ́rú, lekóòlù, ilé-ìwé wọn, á tú, àwọn ọmọ kì í padà lọ mọ́ títí di Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sán yẹn ni ìyá mi yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ìkòkò Ọjọ́rú la ń pè é, kódà bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni wọ́n gbé e kaná. Ẹ má rò pé eré iyẹ̀pẹ̀ ni, tí ọmọdé á po ẹrẹ̀ sínú agolo tí á ní òun ro ọkà. Oúnjẹ gidi ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan wọ ikùn òun lọ́sàn-án Ọjọ́rú, àfi kó bá wọn sè é. Láàárọ̀, ìyá mi á ti fún wọn ní iṣu tàbí àgbàdo, òróró díẹ̀ nínú ìgò, àti owó ẹyọ tí kò pọ̀. Ó tán nìyẹn. Á padà lọ jókòó sórí àpótí rẹ̀, á máa tú òwú, bí ẹni tí kò tilẹ̀ rí wọn.

Kí wọ́n tó dá iná, ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń jókòó sí. Wọ́n á ṣa òkúta wẹ́wẹ́, òkúta kan fún owó ẹyọ kan, wọ́n á pín in sójú ilẹ̀, èyí fún iyọ̀, èyí fún ata, èyí fún ẹja. Bí ọ̀kan bá ní kí wọ́n fi kún ti ẹja, ìyá mi á bi í láti orí àpótí rẹ̀ pé, "Látinú ti ta ni?" Ìbéèrè yẹn nìkan ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó kọ́ wọn. Ọmọ náà á nawọ́ sí òkúta kan lára ti ata, àwọn tó fẹ́ràn ata á figbe ta, á dá a padà, á nawọ́ sí ti iyọ̀. Wọ́n lè wà lẹ́nu rẹ̀ títí èmi á fi rán apá ẹ̀wù kan tán. Owó kò tíì kúrò lọ́wọ́, wọ́n ti ná an tán, wọ́n sì ti tún un ná.

Òfin méjì péré ló wà. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ tọrọ. Bí iyọ̀ bá tán, ó tán nìyẹn; a kì í lọ kanlẹ̀kùn aládùúgbò. Èkejì ni pé ẹni tó bá bu oúnjẹ ni yóò mú abọ́ tirẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ bá mi wá òṣùwọ̀n tó péye ju ìyẹn lọ. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó di ojú kan tó ń fi èkejì wo abọ́ méje, tó ń bu ìdajì ṣíbí nínú èyí sínú ìyẹn, tí òógùn bò ó, nítorí ó mọ̀ pé èyí tó bá kéré jù níbẹ̀, tòun ni.

Wọ́n ṣìṣe o! Ọjọ́ kan wọ́n ná gbogbo owó sórí ẹja, wọ́n gbàgbé iyọ̀. Wọ́n jẹ ọbẹ̀ náà bí ẹni tó ń mu àgbo. Ọjọ́ mìíràn, gbogbo wọn pátá ló lọ pọn omi, torí pé ibi kànga ni eré wà. Ewúrẹ́ ìyá Dosú, aládùúgbò wa, wọlé dé, ó jẹ iṣu tí wọ́n ti bó sílẹ̀, ó tún fi ẹsẹ̀ da òróró nù. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fún wọn ní iṣu mìíràn. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ kan ti kún iṣẹ́ wọn: ọ̀kan á máa ṣọ́ ewúrẹ́. Ẹni tó bá kéré jù ni wọ́n ń fi sídìí rẹ̀, òun náà á sì mú pàṣán dání bí ọlọ́pàá.

Bí mo bá pa ojú dé, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń gbọ́ odó kékeré náà tí ìró rẹ̀ kì í dọ́gba, nítorí ọmọ mẹ́ta ló ń gún un tí agbára wọn kò bára mu. Mo ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ àwọn ará Akpassi tó ń kérora lábẹ́ àpò kajú, àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dún láti ìsàlẹ̀ ìlú nígbà tí ládáànì wa náà ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Èéfín ewé máńgòrò tútù á rọra máa rìn nílẹ̀, á gba abẹ́ ẹ̀rọ mi kọjá, aṣọ tí mo bá ń rán á gbóòórùn rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi máa ń ṣàwàdà pé ẹ̀wù tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Ọjọ́rú máa ń fi ebi pa àwọn. Òjò á ṣú lórí àwọn òkè lọ́hùn-ún, á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí iṣu jinná ná. Nígbà mìíràn, ó máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ọdún tí wọ́n gé owó sẹ́fà wa sí méjì. A sùn, a jí, rédíò ní owó tó wà nínú àpò wa ti di ìdajì ohun tó jẹ́ lánàá. Bébà kò yí padà, ẹyọ kò yí padà, ọjà ló yí padà. Aṣọ tí àwọn ènìyàn ń rà wá fún mi láti rán di ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn tí wọ́n sì ń fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ mi máa ń sùn ju olówó rẹ̀ lọ. Ìyàwó mi, ìyá ìyá yín, ti di ará ọ̀run lọ́dún tó ṣáájú. Mo wà nínú ilé pẹ̀lú ìyá mi tó ti darúgbó, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi olóògbé fi sílẹ̀, àti Múnírátù ọmọ mi, ìyá yín tí ẹ mọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní Savalou, ó ń ta abọ́ páànù àti ìkòkò lọ́jà. Ìyá Savalou ni gbogbo ilé ń pè é. Ènìyàn rere ni, ẹ má gbọ́ mi lódì. Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ tóbi, iṣẹ́ ibẹ̀ kì í tán, àwọn ọmọ tí wọ́n bá sì fi sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí wọn lójú ọjà pẹ̀lú ọpọ́n lórí nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà ní lekóòlù. Ó wá kí wa ní oṣù tí òjò ń rọ̀. Ó wo inú ilé yíká, ó wo ẹ̀rọ mi tí mo fi aṣọ bò.

"Àbúrò mi," ó ní, "ilé tí kò sí obìnrin nínú rẹ̀ kò rọrùn. Ìyá ti darúgbó. Iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ rẹ. Fún mi ní Múní. Ẹnu kan á dín lára ẹnu tí ò ń bọ́."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ìyá mi kò gbójú sókè lára òwú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé torí ebi lo ṣe fẹ́ mú un lọ?"

"Torí ebi ni, Ìyá. Kí ló tún kù?"

"Bó bá wá jẹ́ pé ọmọ yìí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lè bọ́ ilé ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ. Ó ní lọ́jọ́ iṣu tuntun, ìkòkò Ọjọ́rú ni gbogbo wa yóò jẹ, àtọmọdé, àtàgbà, àtàlejò. Òun yóò fún àwọn ọmọ ní iṣu àti owó ẹyọ bí òun ti máa ń ṣe, díẹ̀ péré lòun yóò fi kún un. Wọn kò ní tọrọ, èmi bàbá kò sì gbọ́dọ̀ dá sí i. Bí a bá yó, Múní yóò dúró. Bí a kò bá yó, kí Ìyá Savalou mú un lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ lu itan, ó ní, "Ìyá, ẹ ti fún mi lọ́mọ nìyẹn."

Múní wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ó jáde, ó lọ pe àwọn mẹ́fà yòókù, wọ́n jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ wọn, wọn kò dìde títí ilẹ̀ fi ṣú. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n fẹnu kò sí. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: ọbẹ̀ ẹ̀pà máa ń ki, ó sì máa ń bo àìsí ẹran mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà ti di góòlù ní Bantè wa níbí lọ́dún náà, torí àwọn oníṣòwò láti Nàìjíríà ti kó o lọ pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá. Wọ́n ní ó ṣì pọ̀ lọ́jà Savalou. Èmi náà ní òwú àti bọ́tìnnì láti rà níbẹ̀, mo sì gbà láti mú ẹni méjì dání, Múní àti Kárímù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi olóògbé, òun ló dàgbà jù nínú wọn. Kárímù ló ní òun gbọ́ Mahi, èdè tí àwọn ará Savalou ń sọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà mi ló ń pè ní gbígbọ́.

Ọkọ̀ bàṣé la wọ̀, irú èyí tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀ tí àwọn èrò àti adìẹ jọ ń jókòó. Ojú ọ̀nà ìgbà náà, erùpẹ̀ pupa àti kòtò ni. Nígbà tí a dé ọjà, mo lọ sídìí òwú mi, mo fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó kó oríṣiríṣi ọjà sínú agbọ̀n.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní èdè Mahi, azin ni ẹ̀pà, azin náà sì ni ẹyin. Ohùn ló yà wọ́n, bó ṣe ya igba àti igbá lọ́dọ̀ tiwa. Kárímù na àyà, ó sọ ọ̀rọ̀ náà bí ọkùnrin, ó kó gbogbo owó lé obìnrin náà lọ́wọ́. Obìnrin náà ṣí agbọ̀n kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹyin sínú koríko gbígbẹ.

Múní fọwọ́ tọ́ ọ. "Kárímù, ẹyin nìyẹn."

"Dákẹ́," Kárímù ní. "Èènì ni. Èènì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni níbí."

Wọ́n dúró de ẹ̀pà. Ẹ̀pà kò dé. Obìnrin náà so owó rẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ, ó kọjú sí oníbàárà mìíràn. Awakọ̀ ti ń fun fèrè. Nígbà tí mo padà dé, mo bá àwọn méjèèjì tí wọ́n dúró sójú oòrùn, tí Múní gbé agbọ̀n ẹyin mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun, tí Kárímù ń wo ilẹ̀. Mo mọ Mahi dáadáa. Mo ti yí padà láti lọ bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ kí Múní tó di apá ẹ̀wù mi mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i. Bí ẹ bá bá wa dá sí i, kò kà mọ́."

Mo wọ ọkọ̀, mo jókòó, mo ń wo òkè tó ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, inú mi sì bàjẹ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti di ẹyin tòótọ́, àwọn ọmọ méjì sì gbé e lé itan láti Savalou dé Bantè. Bí ọkọ̀ bá ti kó sí kòtò, wọ́n á gbé agbọ̀n náà sókè nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀kan péré ló fọ́, sára ṣòkòtò Kárímù, kò sì sẹ́ni tó bá a kẹ́dùn.

Nílé, ọ̀rọ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà náà, a kì í fún ọmọdé lẹ́yin jẹ. Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin yóò di olè. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹyin lẹ kọ́kọ́ ń jẹ láàárọ̀! Owó tán, ohun tí wọ́n sì fi rà, wọn kò lè jẹ ẹ́. Wọ́n bú Kárímù bí ẹni láyin. Dosú, ọmọ aládùúgbò wa tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Mahi, jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín dójú ẹkún. "Ẹ ò ṣe mú èmi dání?" ó ń sọ. "Ẹ ò ṣe mú èmi dání?"

Múní nìkan ni kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú ibi tí wọ́n ti máa ń to òkúta wọn. "Òkúta wa ti tán," ó ní. "Ẹyin ló kù. Ta ló ń wá ẹyin?"

Ọ̀kan nínú wọn ló rántí Táńtì Àgáàtà, ìyàwó olùkọ́ tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Kátólíìkì ni wọ́n. Ọdún Màríà tiwọn àti ọdún iṣu tuntun máa ń pàdé, obìnrin náà sì máa ń din gató, àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń fi ẹyin po, fún gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ náà. Àrùn ti pa adìẹ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹ̀pà sì wà ní yàrá rẹ̀ láti abúlé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ńkọ́? Wọ́n jiyàn títí, àwọn kan ní títọrọ ni, àwọn kan ní kì í ṣe títọrọ. Múní lọ dúró níwájú ìyá mi.

"Ìyá Àgbà, bí èèyàn bá mú nǹkan lọ, tó sì mú nǹkan bọ̀, ṣé ó tọrọ ni?"

Ìyá mi fi òwú sílẹ̀. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣófo kì í ṣe alágbe," ó ní.

Àwọn méjèèje ló lọ. Táńtì Àgáàtà ṣílẹ̀kùn, ó rí agbọ̀n ẹyin kan àti ènìyàn méje lẹ́yìn rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ná ọjà náà bí ìyálọ́jà. Kárímù ló sọ̀rọ̀ kéré jù. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹ̀pà kún agbọ̀n náà débi pé ó ń dà sílẹ̀, àlùbọ́sà méjì sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ọjọ́ iṣu tuntun dé. Àwa mùsùlùmí kì í bọ iṣu, ṣùgbọ́n iṣu tuntun kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti òwúrọ̀ ni odó ti ń dún láti ilé dé ilé, bí ẹni pé ìlú ní ọkàn kan tó ń lù. Òjò ti rọ̀ lóru, ilẹ̀ tutù, gbogbo nǹkan ń tàn. Àwọn ọmọ náà ń rìn yí ààrò wọn ká láìpariwo. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹnìkan ń gba iṣu kí òmíràn tó nawọ́ rẹ̀. Ẹnìkan ń sún igi iná jáde kí wọ́n tó sọ pé iná ti pọ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mo ń wò wọ́n, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń lálàá, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí mi.

Ìyá Savalou dé lọ́sàn-án pẹ̀lú gèlè tuntun. Múní ló bu oúnjẹ. Ó bù fún ìyá mi, ó bù fún ẹ̀gbọ́n mi, ó bù fún mi, fún àwọn àlejò méjì tó yà, fún àwọn ọmọ. Abọ́ tó kù kẹ́yìn ló mú, kò sì yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni. Ọbẹ̀ náà ki, ó pupa, ó ń ta sánsán. Wọ́n ní bí a bá gúnyán sínú ewé, tí a sebẹ̀ sínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. A yó. Ìyá mi gan-an tú ìgbàdí rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu ẹnu. "Ìyá, ẹ borí," ó ní. "Ebi ò sí nílé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọmọ tó lè se irú èyí, ṣé ibí ló yẹ kó wà? Nísinsìnyí gan-an ni mo wá ń fẹ́ ẹ. Màá fi í sí ẹnu ọ̀nà ọjà, á máa se oúnjẹ tà, gbogbo Savalou á máa wá jẹ ẹ́. Mo ti ní kí awakọ̀ gba àyè ẹni méjì sílẹ̀ fún mi lọ́la."

Mo wo ìyá mi. Ohun tó fẹ́ fi dá ọmọ náà dúró ló tún fẹ́ gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kọjú sí Múní. "Múní, ìwọ lo se ọbẹ̀ yìí, àbí?"

"Rárá, Ìyá Savalou."

"Ta wá ni?"

"Àwa ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ jọ wà níbẹ̀. Ta ló sè é?"

"Èmi ni mo lọ ẹ̀pà," Dosú ní. "Èmi ni mo pọn omi," òmíràn wí. Kárímù ní òun lòun ra ẹyin, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín. Èyí tó kéré jù gbé pàṣán rẹ̀ sókè: "Èmi ni mo ṣọ́ ewúrẹ́!"

"Iyọ̀ ńkọ́?" ẹ̀gbọ́n mi ní. Ó ti ń gbóná díẹ̀. "Ta ló mọ ìwọ̀n iyọ̀?"

"Gbogbo wa la tọ́ ọ wò," Múní ní. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ìyá Savalou, bí ẹ bá mú èmi nìkan lọ, ọbẹ̀ yẹn ò ní bá mi lọ."

Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò, àwọn méjèèje ti fún mọ́ra débi pé èèyàn kò lè fa ọ̀kan jáde láìfa èkejì. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọmọ mi ò lọ." Omi ti dà sí mi lójú, n kò sì nù ún. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo àwọn ọmọ, ó tún fa abọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ bàṣé náà dúró sí ojúde wa. Ẹ̀gbọ́n mi gòkè, ó gbé ẹrù rẹ̀ lé itan. Awakọ̀ na ọrùn síta.

"Ìyá, ẹni méjì lẹ sọ fún mi. Èkejì dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi bojú wẹ̀yìn. Gbogbo wọn ló dúró níwájú ilé, wọ́n ń juwọ́ sí i.

"Máa wakọ̀ lọ, jàre," ó ní. "Wọ́n pọ̀ jù. Ọkọ̀ rẹ ò gbà wọ́n."